Matrix tòkunbọ̀: ẹ mọ ẹ́ńjìnnì tí ẹ ń rà

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo òǹkàwé yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n sọ̀rọ̀ lórí Toyota Matrix, ọkọ̀ kékeré tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí sókè, tó ti kún títì láti Èkó dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Bí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀, ohùn méjì lẹ máa gbọ́. Ẹni tó ń tà á á ní, "Toyota mà ni, kì í bàjẹ́." Ẹni tí ẹ mú dání á rọra sọ sí yín létí pé, "Matrix ń mu ọ́ìlì o, ẹ má rà á." Àwọn méjèèjì ò purọ́ tán, wọn ò sì sọ òótọ́ tán. Ẹ́ńjìnnì mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lábẹ́ orúkọ Matrix yìí. Ọ̀kan wà nínú wọn tó lè rin máìlì 250,000 láìṣí tọ́ọ̀pù sílíńdà rẹ̀ rí, òmíràn sì wà tó lè jẹ gbogbo owó tí ẹ fi pamọ́. Kí ẹ mọ èyí tí ẹ ń rà, kí ẹ sì mọ bí ẹni tó kọ́kọ́ lò ó ṣe ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, òun ni iṣẹ́. Ọ̀dà, síìtì, rédíò, gbogbo ìyẹn ṣeé tún ṣe.

Mo mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wá a lásìkò yìí. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ẹni tó ń gun jíìpù tẹ́lẹ̀ náà ti ń wá ọkọ̀ tí kì í fa epo jù. Òṣùwọ̀n àwọn ará Amẹ́ríkà fún Matrix onígíà àdáṣiṣẹ́ ti ìran àkọ́kọ́ jẹ́ nǹkan bíi lítà 9 fún kìlómítà 100, bí a bá pa ìlú àti ojú ọ̀nà márosẹ̀ pọ̀. Nínú súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ Èkó, tí AC sì ń ṣiṣẹ́, á ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé kì í jẹ epo rárá.

Ìran àkọ́kọ́ ni ti 2003 sí 2008. Cambridge, ní ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà, ni Toyota ti ṣe é. Pontiac Vibe ayé ìgbà náà, tí wọ́n ṣe ní Fremont ní California, kò yàtọ̀ sí i ju ojú àti orúkọ lọ; ẹ́ńjìnnì kan náà ni, nítorí náà kí ẹni tó bá rí Vibe tó mọ́ má ṣe sá fún un. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló gbé ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE: sílíńdà 4, fáfù 16, 1,794 cc, agbára ẹṣin 130. Ìwé àwọn ọdún tó gbẹ̀yìn kọ 126 síbẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọn agbára ní Amẹ́ríkà ló yí padà, kì í ṣe pé ẹ́ńjìnnì náà ló rẹ̀ sí i. Ṣéènì ló ń yí káàmù rẹ̀, kì í ṣe bẹ́líìtì, nítorí náà kò sí pé ẹ ń wá owó tímìǹgì bẹ́líìtì láti ìgbà dé ìgbà. Epo lásán tí à ń rà nílé-epo wa tó fún un. Táǹkì rẹ̀ gba lítà 50. Èyí ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún, bí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò bí mo ṣe máa là á sílẹ̀ nísàlẹ̀.

Èkejì ni XRS, tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń sáré sí nítorí gíà ọlọ́wọ́ mẹ́fà rẹ̀. 2ZZ-GE ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀, 1,796 cc, agbára ẹṣin 180 nígbà tó kọ́kọ́ dé. Ìfúnpọ̀ inú sílíńdà rẹ̀ jẹ́ 11.5 sí 1, nígbà tí ti 1ZZ jẹ́ 10 sí 1. Nítorí ìfúnpọ̀ tó le yìí, epo olówó gọbọi tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní premium ló ń béèrè, ilé-epo wa kì í sì í tà á. Bí ẹ bá fi epo wa sí i, á máa kan kọ̀kọ̀kọ̀ nígbà tó bá ń gun òkè, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á dín agbára rẹ̀ kù kí ó má baà bàjẹ́, ohun tí ẹ torí rẹ̀ rà á á sì ti lọ. Páàtì rẹ̀ tún ṣọ̀wọ́n. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó lówó eré.

Ìran kejì bẹ̀rẹ̀ láti 2009. Ẹ́ńjìnnì 1.8 ti ìran yìí ni 2ZR-FE, agbára ẹṣin 132, ẹ́ńjìnnì tó dára gan-an ni. Ẹ kàn wo bóyá omi ń jò lára wọ́tà pọ́ǹpù rẹ̀. Èyí tí mo ń bẹ̀rù ni 2.4 rẹ̀, 2AZ-FE, agbára ẹṣin 158. Òun ni àìsàn ọ́ìlì mímu bá jù ní àwọn ọdún yẹn, débi pé Toyota fúnra rẹ̀ gbà ní Amẹ́ríkà láti fi písítìnnì àti rìǹgì tuntun sí ọ̀pọ̀ nínú wọn láìgba owó. Ẹ ò mọ̀ bóyá wọ́n ṣe é sí èyí tó dé Èkó. Tí ẹni tó ń tà á bá ń yangàn pé "2.4 ni, ó lágbára", ẹ rántí ohun tí mo sọ yìí.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì láìbi ẹnikẹ́ni léèrè? Ẹ wo nọ́ńbà VIN, ohun kíkọ 17 tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú lápá awakọ̀, kí ẹ sì fi wé èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Matrix máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2T1, Vibe ìran àkọ́kọ́ pẹ̀lú 5Y2. Lórí Matrix 2003 sí 2008, ẹ wo lẹ́tà karùn-ún: R ni 1ZZ, Y ni 2ZZ ti XRS. Lórí ìran kejì, U ni 1.8, E ni 2.4. Lẹ́tà kẹrin náà ń sọ̀rọ̀: nínú ìran àkọ́kọ́, K túmọ̀ sí pé ẹsẹ̀ iwájú nìkan ló ń fà, L túmọ̀ sí pé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà. Kò sí yìnyín ní Ṣàgámù. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn kàn ń fi ọ̀pá àti bẹ́ríìnì kún ohun tó lè bàjẹ́, ó ń fa epo sí i, ó sì dín táǹkì kù sí lítà 45. Ohun kíkọ kẹwàá ni ọdún: 3 ni 2003, títí dé 9 tí í ṣe 2009, lẹ́yìn náà ó di A fún 2010, B fún 2011, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ "2008" tó wà lọ́jà ni ohun kíkọ kẹwàá rẹ̀ jẹ́ 5.

Olóòtú, ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ni mo fẹ́ dúró lé lórí jù, nítorí òun ló ń ba ọkọ̀ yìí jẹ́, òun náà sì ni irọ́ pọ̀ sí jù.

Lára písítìnnì kọ̀ọ̀kan, rìǹgì mẹ́ta ló wà. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ló ń há ọ́ìlì kúrò lára ògiri sílíńdà, ọ́ìlì náà á sì gba àwọn ihò tín-ín-rín tó wà lẹ́yìn rìǹgì padà sínú sọ́ǹpù, ìyẹn àwo ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Nínú àwọn 1ZZ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, ìyẹn èyí tó wà nínú Corolla 1998 sí nǹkan bíi 2002, ihò yìí kéré, kò sì pọ̀ tó. Bí ọ́ìlì bá ti gbó jù, ẹ̀dú á dí ihò náà pa, rìǹgì á gan mọ́ àyè rẹ̀, kò ní lè há nǹkan kan mọ́, ọ́ìlì á wá máa gòkè lọ jóná pẹ̀lú epo. Toyota ṣe àtúnṣe sí písítìnnì náà, ìdí nìyẹn tí ti Matrix fi sàn. Sàn ni mo wí, n kò ní ó bọ́ o. Ẹni tó bá fi ọ́ìlì kan ṣoṣo rin máìlì 10,000 lẹ́ẹ̀mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn á dí i náà, bó ti wù kó jẹ́ tuntun tó.

Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í rò. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, tí ẹ lọ ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ tí à ń pè ní Belgium ní Ládípọ̀ tàbí ní Àràrọ̀mí n'Íbàdàn, 1ZZ ni wọ́n máa fún yín, ó lè jẹ́ pé Corolla 1999 ni wọ́n ti tú u. Ẹ bi wọ́n léèrè ọkọ̀ tí wọ́n ti yọ ọ́, kí ẹ sì wo ojú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, torí ẹ lè ti fi owó yín ra àìsàn tí ẹ ń sá fún.

Àwọn tó ń tà á mọ bí wọ́n ṣe ń fi èéfín pamọ́. Wọ́n á da ọ́ìlì kíki 20W-50 sí i, wọ́n á fi oògùn agolo kan lé e, èéfín á lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nítorí náà, àárọ̀ ni kí ẹ lọ wò ó, kí ẹ sì sọ fún wọn ṣáájú pé kí wọ́n má tan án. Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì náà. Bí ó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n ti mú un gbóná dè yín. Ẹ máa bọ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Bí ó bá tutù, ẹ fa òpá ọ́ìlì yọ, ẹ nù ún, ẹ tún un kì bọ̀. Láàárín àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀ jẹ́ bíi lítà kan. Ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ àmì ìsàlẹ̀ lára ọkọ̀ tí wọ́n ní "a ṣẹ̀ṣẹ̀ sáàfìsì rẹ̀" ti jẹ́ ìdáhùn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ti ń da ọ́ìlì, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀. Irin tó pọ́n bíi oyin dára. Èyí tí èépá dúdú bò, wọn ò tọ́jú ọ́ìlì rẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun funfun bíi ọṣẹ lábẹ́ ìdérí náà, omi ti ń bá ọ́ìlì pàdé, ẹ lọ bá tiyín.

Kí ẹnì kan dúró lẹ́yìn nígbà tí wọ́n bá tan án. Èéfín aláwọ̀ búlúù tó jáde fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì tó sì dáwọ́ dúró, síìlì fáfù ló sábà máa ń jẹ́, kò pọ̀ jù. Bí ṣéènì bá ń dún ṣàkàṣàkà kọjá ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ṣéènì ti gùn tàbí ohun tó ń fà á le ti rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbóná dáadáa, kí ẹ jẹ́ kó dúró láìtẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ lójijì kí ẹ́ńjìnnì yí dé ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ìkùukùu búlúù bá bo ẹ̀yìn ọkọ̀ lákòókò yìí, ọ́ìlì ló ń jóná; ó lè jẹ́ síìlì fáfù, ó sì lè jẹ́ rìǹgì. Ẹ fi aṣọ funfun nu ẹnu sàlẹ́ńsà. Èérí gbígbẹ dúdú kò ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n bí ó bá ń yọ̀ mọ́ ọwọ́, ọ́ìlì ló ń jó.

Ẹ ní kí mẹkáníìkì yín yọ kọ́ìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, sípánà 10 ló ń tú u, kí ó sì fi sọ́kẹ́ẹ̀tì 16 yọ púlọ́ọ̀gì. Púlọ́ọ̀gì kan tó tutù fún ọ́ìlì ń tọ́ka sí sílíńdà rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti yọ ọ́ náà, ẹ jẹ́ kí ó wọn ìfúnpọ̀. Kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí gbogbo púlọ́ọ̀gì wà níta, kí wọ́n fa wáyà ìńjẹ́kítọ̀ yọ, kí ẹnì kan tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá nígbà tí sítátà bá ń yí i. 1ZZ tó pé máa ń fúnni ní nǹkan bíi 213 psi, ìyẹn òṣùwọ̀n tó wà lójú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpọ̀. Ìwé Toyota kò fẹ́ kí ó lọ sísàlẹ̀ ju 142 lọ, kò sì yẹ kí ìyàtọ̀ sílíńdà kan sí òmíràn ju 14 lọ. Èyí tó bá kéré, kí wọ́n da ọ́ìlì ṣíbí tíì kan sínú ihò púlọ́ọ̀gì rẹ̀, kí wọ́n tún un wọ̀n. Bí ó bá gòkè, rìǹgì ni. Bí kò bá mira, fáfù ni. Ẹni tó ń tà á tó bá kọ̀ pé ẹ ò gbọdọ̀ ṣe èyí, òun náà ti dáhùn.

Bí ẹ bá ti ra èyí tó ń mu ọ́ìlì tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ mọ iye tó ń mu. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ da ọ́ìlì dé àmì òkè gẹ́lẹ́, kí ẹ máa wò ó ní gbogbo kìlómítà 500. Nígbà tí Toyota ń dán 2.4 wò ní Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n kà sí àìsàn ni bí ó bá mu tó lítà kan, ó dín díẹ̀, nínú máìlì 1,200, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 1,900. Èyí tó mu bẹ́ẹ̀ nínú kìlómítà 3,000, ẹ lè máa lò ó, kí ẹ kàn máa dà á kún un. Èyí tó mu ju bẹ́ẹ̀ lọ gan-an, kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ fi oògùn tó ń tú ẹ̀dú sínú ihò púlọ́ọ̀gì kó sùn mọ́jú. Nígbà míràn rìǹgì á tú. Bí kò bá tú, ẹ́ńjìnnì ni wọ́n máa ṣí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn fi rìǹgì tuntun sórí písítìnnì àtijọ́ láìfọ ihò rẹ̀, nítorí kò ní pẹ́ tí yóò fi padà síbi tó ti wá. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n gbé búlọ́ọ̀kù lọ fún ríbọ́ọ̀rù, ìyẹn gbígbẹ́ sílíńdà kó fẹ̀ sí i. Alumíníọ́ọ̀mù ni búlọ́ọ̀kù yìí, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà nínú sílíńdà rẹ̀, Toyota ò sì ṣe písítìnnì tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ fún un. Èyí tí sílíńdà rẹ̀ bá ti ha, ẹ́ńjìnnì mìíràn ló kù.

Ọ́ìlì tó bá ń jó tún ń pa katalítíìkì, ohun tó wà lójú páìpù èéfín tó ń sọ èéfín di mímọ́, á dí, ọkọ̀ á máa rìn bí ẹni pé wọ́n fún un lọ́rùn. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ni wọ́n ti gé e kúrò nítorí àwọn irin olówó iyebíye inú rẹ̀, iná ẹ́ńjìnnì á wá tàn, sikánà, ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀, á kọ kóòdù P0420. Ìyẹn kò ní dá ọkọ̀ dúró. Ohun tó burú ni kí wọ́n yọ gílóòbù iná náà kí ẹ má baà rí i. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ láì tíì tan ẹ́ńjìnnì, iná ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ hàn pẹ̀lú àwọn yòókù. Bí kò bá hàn, ẹ béèrè ìdí.

Ẹ mú sikánà dání, ihò rẹ̀ wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lápá awakọ̀. Kì í ṣe kóòdù nìkan lẹ máa wò. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, sikánà á fi hàn pé àwọn àyẹ̀wò inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà kò tíì parí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí kóòdù kankan. P0171 túmọ̀ sí pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ: sẹ́ńsọ̀ MAF, èyí tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì, ló sábà máa ń fà á bí ó bá dọ̀tí, fọ́múlà àfọ̀ rẹ̀ wà lọ́jà, ẹ má fi epo fọ̀ ọ́. P0301 sí P0304 ń sọ sílíńdà tí kì í jó. Ẹ gbé kọ́ìlì rẹ̀ sórí sílíńdà mìíràn, bí kóòdù bá tẹ̀lé e lọ, kọ́ìlì ló kú. P1349 lórí àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀, VVT-i ni, ìyẹn ètò tó ń fi ọ́ìlì yí àkókò tí fáfù ń ṣí padà. Kí wọ́n tó ní kí ẹ ra fáfù ọ́ìlì tuntun, kí wọ́n tú bóòtì kékeré tó wà lára tọ́ọ̀pù sílíńdà, àsẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tí ìdọ̀tí ọ́ìlì máa ń dí. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni.

Ọ̀rọ̀ bíréènì bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, wá kù, àwọn mẹkáníìkì ẹlẹgbẹ́ mi kan ń fi í gba owó gíà lọ́wọ́ èèyàn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2010, Toyota pe nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.13 Corolla àti Matrix ọdún 2005 sí 2008 padà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, àwọn tó gbé 1ZZ tí ẹsẹ̀ méjì ń fà. Àbùkù wà nínú kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì wọn. Iná ẹ́ńjìnnì lè tàn, gíà lè máa já lójijì, ọkọ̀ lè kọ̀ láti tan, ó sì lè kú lórí ìrìn. Ọ̀pọ̀ ló wọ ọkọ̀ ojú omi wá sọ́dọ̀ wa láìpààrọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, bí Matrix 2006 yín bá ń já nígbà tí gíà ń yí, tí ATF rẹ̀, ìyẹn ọ́ìlì gíà àdáṣiṣẹ́, sì pọ́n dáadáa tí kò rùn, ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé gíà sílẹ̀. Ẹ yá bíréènì bọ́ọ̀sì mìíràn wò. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 89661 tó wà lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu délẹ̀, torí ti gíà ọlọ́wọ́ kì í bá ti àdáṣiṣẹ́ lọ.

Gíà fúnra rẹ̀ kò ní wàhálà púpọ̀. ATF T-IV ni tirẹ̀, kì í ṣe èyíkéyìí tó bá ṣáà ti pupa. Láti P sí R tàbí D, bí ó bá ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ kí ó tó dì í mú, ó ti ń rẹ̀ ẹ́. Nínú ti ọlọ́wọ́ márùn-ún, ẹ tẹ́tí sí bẹ́ríìnì tó ń kùn nígbà tí ẹ bá ń sáré.

Ẹ wo omi rẹ̀. Tẹmosítáàtì máa ń ṣí ní nǹkan bíi 82°C, àṣà wa láti yọ ọ́ jù nù "nítorí ooru" ló ń pa ẹ́ńjìnnì púpọ̀: ẹ́ńjìnnì ò ní gbóná tó bó ṣe yẹ, kọ̀ǹpútà á máa da epo lé epo, ọ́ìlì á tètè dọ̀tí, a tún padà sídìí rìǹgì nìyẹn. Omi ẹ̀rọ lásán nínú rédíétọ̀ ń jẹ alumíníọ́ọ̀mù. Wọ́tà pọ́ǹpù ti 1ZZ wà níta, bẹ́líìtì kan náà tó ń yí áńtánétọ̀ ló ń yí i, kò wọ́n láti pààrọ̀. Ọ́ìlì tó ń sun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdérí ṣéènì, ẹ má jáyà. Róbà róbótó ti ohun tó ń fa ṣéènì le ló sábà máa ń jẹ́, nọ́ọ̀tì méjì ló dì í mú. Kí wọ́n ṣáà má yí ẹ́ńjìnnì nígbà tó bá wà níta, ṣéènì lè fo eyín.

Bí a ṣe ń sọ ti ẹ́ńjìnnì, ẹ má gbàgbé àpò afẹ́fẹ́ iwájú èrò. Èyí tó wà nínú Matrix àti Vibe ìran àkọ́kọ́ wà lára àwọn àpò afẹ́fẹ́ iléeṣẹ́ Takata tí wọ́n pè padà. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń ba ẹ̀tù inú rẹ̀ jẹ́, irin rẹ̀ lè bú, kó sì fọ́n sí ẹni tó jókòó síbẹ̀ lára. Ẹ mọ irú ojú ọjọ́ tí a ní. Ẹ kọ VIN sí nhtsa.gov, ojúlé iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ọkọ̀, lórí fóònù yín, kì í gba kọ́bọ̀ fún ọkọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà. Á sọ bóyá wọ́n ti ṣe ti kọ̀ǹpútà àti ti àpò afẹ́fẹ́. Bí ọkọ̀ méjì bá wà níwájú yín, èyí tí wọ́n ti ṣe méjèèjì ni kí ẹ mú, kódà bí ọ̀dà rẹ̀ bá ti ṣá. Rìwáyà àdúgbò kò gbọdọ̀ tú u o.

Nípa ara ọkọ̀, n ò ní pẹ́. Àwọn tó wá láti ibi òtútù ni iyọ̀ ojú títì ti jẹ lábẹ́. Ẹ wo páìpù bíréèkì tó lọ sẹ́yìn. Ẹ fa ìgbànú ìjókòó jáde dé òpin rẹ̀, ẹrẹ̀ níbẹ̀ túmọ̀ sí pé omi ti gbé e. Ihò iná 115 fóltì tó wà ní dáṣíbọ́ọ̀dù àwọn kan kì í ṣe ẹ̀rọ inverter tí wọ́n fi ń tan iná ilé; 100 wáàtì ni, kọ̀ǹpútà alágbèéká ni ẹ lè fi gba iná, kì í ṣe áyọ́ọ̀nù. Mítà ti Kánádà máa ń fi kìlómítà hàn, ti Amẹ́ríkà máìlì, nítorí náà 160,000 lórí ti Kánádà kò ju máìlì 100,000 lọ. Mítà ìran àkọ́kọ́ sì máa ń dúró pa ní 299,999. Bí ẹ bá rí iye yẹn, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti rìn dé.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ bá gbé e délé, ẹ da ọ́ìlì tó wà nínú rẹ̀ nù, ohunkóhun tí wọ́n bá ti sọ. 5W-30 ni Toyota kọ fún un. Gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì tí wọ́n ń tà lọ́jà wa jẹ́ lítà 4, ẹ má dà á tán lẹ́ẹ̀kan náà, torí 3.7 sí 4.2 ni 1ZZ ń gbà pẹ̀lú fílítà, gẹ́gẹ́ bí ọdún rẹ̀. Ẹ da lítà 3.5, ẹ tan án fún ìṣẹ́jú kan, ẹ pa á, ẹ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ wá fi òpá wọ̀n ọ́n kí ẹ tó fi ìyókù kún un. Ẹ ra ọ́ìlì náà níbi tí wọ́n ti máa fún yín ní rìsíìtì, nítorí ayédèrú kún ìgboro, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ gún gálọ́ọ̀nù òfìfo náà kí wọ́n má baà tún un rọ. Lẹ́yìn èyí, kìlómítà 5,000 ni kí ẹ fi pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì máa fa òpá yọ wò ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ra epo ẹ̀ẹ̀kejì.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Mẹkáníìkì kan, Ìbàdàn.